Ẹsẹ̀ Ẹṣin Lórí Iyanrìn Dubai àti Sharjah: Ọ̀rọ̀ Lórí Àfikún Oúnjẹ fún Oríkèé

Àfikún oúnjẹ fún oríkèé ẹṣin ni àwọn ìyẹ̀fun, òróró àti kóró tí wọ́n ń pò mọ́ oúnjẹ ẹṣin lójoojúmọ́, pẹ̀lú ìrètí pé wọn yóò dín ẹsẹ̀ gígan kù, kí ẹran náà lè máa rìn bó ṣe yẹ. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, òfin kò kà wọ́n sí oògùn. Nítorí náà, ẹni tó ń ṣe wọ́n kò ní láti fi ẹ̀rí hàn pé wọ́n ń ṣiṣẹ́ kó tó gbé wọn lọ sí ọjà, bí ẹni tó ń ṣe oògùn ti ní láti ṣe. Ní Dubai àti Sharjah, níbi tí ẹṣin ti jẹ́ ohun iyì, ohun ìdíje àti ohun òwò pọ̀, ike ìyẹ̀fun bẹ́ẹ̀ kì í wọ́n nílé ẹṣin. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ yẹ̀ wò ni ohun tó wà nínú ike náà, ibi tí agbára rẹ̀ mọ, àti ìdí tó fi jẹ́ pé ohun tó ń mú ẹsẹ̀ ẹṣin gan nílẹ̀ náà, inú bí wọ́n ṣe ń sá a àti bí wọ́n ṣe ń so ó mọ́lẹ̀ ló ti sábà máa ń wá, kì í ṣe inú oúnjẹ tí kò jẹ tó.

Ẹni tó bá mọ Dubai sí ìlú ilé gíga àti ọjà wúrà nìkan kò tíì mọ ìdajì rẹ̀. Ọdún 1996 ni wọ́n kọ́kọ́ sá eré Dubai World Cup, tí ẹṣin Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Cigar sì gba ipò kìíní. Pápá Nad Al Sheba ni wọ́n ti ń sá a títí wọ́n fi ṣí pápá Meydan lọ́dún 2010, tí eré náà sì kó lọ síbẹ̀. Ìrìn 2,000 mítà péré ni, ṣùgbọ́n owó ẹ̀bùn rẹ̀ ti tó mílíọ̀nù 12 dọ́là. Ní Seih Al Salam, nínú aṣálẹ̀ tó wà lẹ́yìn ìlú, ni ibùdó ńlá fún eré ọ̀nà jíjìn wà, níbi tí ẹṣin Lárúbáwá ti ń fi odindi ọjọ́ kan rin ìrìn tí mọ́tò ń fi wákàtí kan tàbí méjì rìn. Sharjah ní tirẹ̀ ní Sharjah Equestrian and Racing Club, ẹgbẹ́ tó ní pápá eré fún ojúlówó ẹṣin Lárúbáwá, tó ní gbàgede fún ẹṣin tó ń fo igi, tó sì ní ilé ìwòsàn ẹṣin. Dubai náà ní Dubai Equine Hospital, ó sì ní ilé ìwádìí àrùn ẹranko kan, Central Veterinary Research Laboratory, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1985. Ìlú tó ná owó tó báyìí sórí ẹṣin kò lè ṣàì náwó sórí oríkèé rẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ ni gbogbo ẹṣin.

Oríkèé ni ibi tí eegun méjì ti pàdé. Ohun tó bo orí eegun kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ ni kerekere, ìyẹn ohun funfun tó ń dán, tó sì ń yọ̀, irú èyí tí ẹni tó ń jẹ eegun ẹran máa ń rún lẹ́nu. Awọ tó lágbára kan pa ibi ìpàdé náà mọ́ yíká, inú awọ yìí sì ni omi tó ki, tó ń fà, wà. Èròjà kan tó ń jẹ́ hyaluronic acid ló mú un ki bẹ́ẹ̀. Kerekere kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀ kankan nínú, kò sì ní iṣan tí a fi ń mọ ìrora, èyí ló fà á tó fi lè máa jẹ fún ìgbà pípẹ́ kí ẹṣin tó fi hàn pé nǹkan ń ṣe òun. Omi oríkèé ló ń bọ́ ọ, ọ̀nà tó sì ń gbà bọ́ ọ jọ ti kànrìnkàn tí a ń fún nínú omi: nígbà tí ẹṣin bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ìwúwo ara rẹ̀ á fún kerekere, ìdọ̀tí á sì jáde, nígbà tó bá gbé ẹsẹ̀ sókè, kerekere á wú padà, á sì fa omi tuntun tó ní oúnjẹ nínú mu. Ìrìn ni oúnjẹ oríkèé nígbà náà. Ẹni tó bá di ọ̀rọ̀ yìí mú yóò rí i pé òun ni kọ́kọ́rọ́ sí ohun gbogbo tó kù.

Nítorí pé ẹ̀jẹ̀ kì í dé inú kerekere, bó bá ya, kì í san bí awọ ara ṣe ń san. Ohun tí ara máa ń fi dí ojú ibi tó ya kì í ṣe ojúlówó kerekere mọ́, kì í sì í yọ̀ bíi ti àkọ́kọ́. Awọ tó yí oríkèé ká á wú, omi inú rẹ̀ á ṣàn bí omi lásán, eegun abẹ́ rẹ̀ á le síi, eegun tuntun á sì máa yọ létí rẹ̀. Àpapọ̀ gbogbo èyí ni àwọn dókítà ń pè ní osteoarthritis, tí Yorùbá ń pè ní aromọléegun bó bá ṣe ènìyàn. Kò sí ìyẹ̀fun kankan lágbàáyé tí a ti fi ẹ̀rí tó múná dóko hàn pé ó ń dá kerekere tó ti jẹ tán padà sára ẹṣin.

Ìdí tí oríkèé ẹṣin fi ń tètè jẹ kò jìnnà. Ìka kan ṣoṣo ni ẹṣin fi ń rìn lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, pátákò rẹ̀ sì ni èékánná ìka náà. Ohun tí àwọn ènìyàn ń pè ní orúnkún ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ jẹ́ ọrùn ọwọ́ gan-an bí a bá fi wé ara ènìyàn, oríkèé ńlá tó wà láàárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ sì jẹ́ ọrùn ẹsẹ̀ àti gìgísẹ̀. Ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì ló ń gbé nǹkan bí ìdá 60 nínú 100 ìwúwo ara rẹ̀. Bí ẹṣin tó wọn 450 kìlógíráàmù bá ń sáré tete, àkókò kúkúrú kan máa ń wà tí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo yóò gba agbára tó ju ìlọ́po méjì ìwúwo yẹn lọ, gbogbo rẹ̀ á sì gba inú oríkèé kékeré tó wà lókè pátákò kọjá. Ẹṣin kì í ṣe èyí lẹ́ẹ̀kan. Ọgọ́rùn-ún mélòó kan ìgbà ni nínú eré kan ṣoṣo.

Ilẹ̀ tó ń tẹ̀ náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ láti sọ. Nígbà tí wọ́n ṣí Meydan, ilẹ̀ àtọwọ́dá kan tí wọ́n fi iyanrìn, okùn tíntìn-tín àti ìda pò ni wọ́n tẹ́ síbẹ̀, nítorí wọ́n gbà pé ó máa ń ṣàánú ẹsẹ̀ ẹṣin, ṣùgbọ́n lọ́dún 2014 wọ́n kó o kúrò, wọ́n sì dá ilẹ̀ oníyanrìn padà, kí àwọn ẹṣin láti Amẹ́ríkà, tí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ lára, lè máa wá díje. Nínú aṣálẹ̀, ibi tí iyanrìn bá jìn ń fa iṣan ẹsẹ̀ gidigidi, ibi tó bá sì le ń lu oríkèé. Ọ̀nà kan náà lè ní méjèèjì láàárín kìlómítà kan. Eré àsápajúdé ló wá burú jù. Ojú ọ̀nà aṣálẹ̀ tẹ́jú, kò ní òkè tí yóò dín eré kù, èyí ló fi jẹ́ pé ẹṣin tó bá gba ipò kìíní nínú eré 120 kìlómítà lè sáré ju 25 kìlómítà lọ ní wákàtí kan ní ìṣirò gbogbo ọ̀nà. Ní oṣù kẹta ọdún 2015, Àjọ Àgbáyé fún Eré Ẹṣin, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí FEI, tó wà ní Lausanne nílẹ̀ Switzerland, dá ẹgbẹ́ agẹṣin Ẹ́mírétì, orílẹ̀-èdè tí Dubai àti Sharjah wà nínú rẹ̀, dúró nítorí ọ̀rọ̀ àlàáfíà ẹṣin àti títẹ òfin lójú nínú eré ọ̀nà jíjìn, kò sì dá wọn padà títí di oṣù keje ọdún náà, lẹ́yìn tí wọ́n ti tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn. Ẹni tó bá ń wá ohun tó ń ba oríkèé jẹ́ kò gbọdọ̀ fo ìtàn yìí dá, kó lọ máa wá a nínú oúnjẹ.

Ohun kejì kò gba ariwo bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń ṣe ọṣẹ́ lójoojúmọ́: òun ni ìdúró. Ooru Ẹ́mírétì máa ń kọjá 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún ọ̀pọ̀ oṣù lọ́dún, pápá koríko tí ẹṣin lè máa jẹ̀ káàkiri nínú rẹ̀ sì ṣọ̀wọ́n. Inú yàrá ni ẹṣin ń wà, lábẹ́ fáànù tàbí ẹ̀rọ amúlétutù, níwájú koríko gbígbẹ tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti òkè òkun wá. Wọ́n á mú un jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n á sá a fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀, wọ́n á wẹ̀ ẹ́, wọ́n á sì dá a padà síbi tí yóò dúró sí di ọjọ́ kejì. Ẹranko tí Ọlọ́run dá láti máa rìn kiri fún ọ̀pọ̀ wákàtí lójúmọ́ wá ń rìn fún wákàtí kan, wákàtí náà sì jẹ́ ti eré líle. Kò yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá gan ní òwúrọ̀.

Bí wọ́n ṣe ń mọ ẹsẹ̀ tó gan yàtọ̀ sí bí òǹwòran ṣe rò. Ibi tí ènìyàn ti lè rí i dáadáa ni ibùdó àyẹ̀wò eré ọ̀nà jíjìn, nítorí wọ́n máa ń gé 120 tàbí 160 kìlómítà sí ìpele, ẹṣin sì gbọ́dọ̀ la ọwọ́ dókítà kọjá ní òpin ìpele kọ̀ọ̀kan. Bí ẹṣin bá ti wọlé, àwọn olùtọ́jú rẹ̀ á ti dúró dè é pẹ̀lú ike omi lọ́wọ́, wọ́n á tú gàárì, wọ́n á máa da omi sí i lọ́rùn àti láyà, wọ́n á máa fi nǹkan gbá omi náà kúrò lára rẹ̀ kí wọ́n tó tún da òmíràn, kí ìlùkìkì ọkàn rẹ̀ lè tètè rọlẹ̀. Kò gbọdọ̀ ju 64 lọ ní ìṣẹ́jú kan kó tó di pé àkókò tí òfin fún un tán. Lẹ́yìn náà ni olùtọ́jú kan á di okùn rẹ̀ mú láìfà á le, á sì bá a sáré lọ sáré bọ̀ lórí ilẹ̀ tó le, tó sì tẹ́jú, dókítà á dúró, á máa wo orí ẹṣin, kò ní wo ẹsẹ̀. Bí ẹsẹ̀ iwájú kan bá ń dun ẹṣin, á gbé orí sókè nígbà tí ẹsẹ̀ náà bá kan ilẹ̀, á sì sọ orí kalẹ̀ nígbà tí èyí tó dá ṣáká bá kan ilẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ìdí rẹ̀ ni wọ́n á wò bóyá ẹ̀gbẹ́ kan ń gòkè ju èkejì lọ.

Bí ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì bá wá ń dun ẹṣin bákan náà ńkọ́? Orí kò ní mì mọ́, nítorí kò sí ẹsẹ̀ tó dá ṣáká tí yóò sá sí. Ìgbésẹ̀ rẹ̀ á kàn kúrú ni, á máa rìn bí ẹni tó ń tẹ ẹ̀gún. Irú ẹṣin yìí gan-an ni àwọn tó ni ín máa ń sọ pé kò tiro, pé ara rẹ̀ kàn gan díẹ̀ ni, wọ́n á sì ra ìyẹ̀fun fún un. Ẹ̀wẹ̀, kì í ṣe gbogbo ara gígan ló ń ti oríkèé wá. Ó lè jẹ́ iṣan ẹran ara tó ń le koko lẹ́yìn eré, tí ìtọ̀ ẹṣin á fi dúdú bí iṣan náà bá ń bàjẹ́. Ó lè jẹ́ ẹ̀yìn tí gàárì tí kò bá a mu ti pa. Ó sì lè jẹ́ inú pátákò, níbi tí àrùn kan tó ń jẹ́ laminitis ti ń tú èékánná kúrò lára eegun tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ń fún irú ẹṣin bẹ́ẹ̀ ní ìyẹ̀fun oríkèé fún oṣù mẹ́ta kàn ń fi àkókò ṣòfò lórí àrùn tí kì í dúró de ènìyàn ni. Dókítà ẹranko lè ká oríkèé kan kò fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan kó tó ní kí ẹṣin sáré, ó lè fi abẹ́rẹ́ pa ìrora ibì kan láti mọ̀ bóyá ibẹ̀ ni ọ̀ràn wà, ó sì lè yàwòrán eegun. Ìyẹn ló yẹ kó ṣáájú rírà ohunkóhun.

Ohun tó wà nínú ike náà kò ní àṣírí. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni glucosamine, ṣúgà kan tí ara fi ń kọ́ kerekere, tí wọ́n sábà máa ń rí láti ara èèpo edé àti akàn. Chondroitin ló tẹ̀ lé e, tí wọ́n ń yọ láti ara kerekere ẹranko, gògóńgò màlúù pàápàá. Wọ́n tún ń fi MSM sí i, èyí tí imí-ọjọ́ wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú hyaluronic acid tí a ti dárúkọ lókè, collagen, òróró ẹja, ata ilẹ̀ pupa, ìyẹ̀fun ìṣáwùrú elétè aláwọ̀ ewé láti New Zealand, àti gbòǹgbò ewéko kan láti aṣálẹ̀ Kalahari ní gúúsù Áfíríkà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní devil's claw. Ó yẹ kí ènìyàn dúró díẹ̀ kó rò ó: ẹṣin, tí koríko nìkan ni ó ń jẹ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ni wọ́n ń fún ní èèpo edé àti gògóńgò màlúù. Ìyẹn nìkan kò sọ ọ́ di ohun búburú, ṣùgbọ́n ó tó láti mú kí ènìyàn béèrè bí ikùn ẹṣin ṣe ń gbà á.

Àwọn onímọ̀ ti béèrè bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2004, ìwádìí kan tí Du àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Amẹ́ríkà fi hàn pé nǹkan bí ìdá 2.5 péré nínú 100 glucosamine tí ẹṣin gbé mì ló ń dé inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ike ló sọ pé kí wọ́n máa fún ẹṣin ní nǹkan bí 10 gíráàmù lójúmọ́. Bí a bá ṣírò rẹ̀, ìdá mẹ́rin gíráàmù kan ló ń wọlé, ara gbogbo ló sì máa pín in. Àwọn àyẹ̀wò tó mú glucosamine lókìkí, inú abọ́ ilé ìwádìí ni wọ́n ti ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn, níbi tí wọ́n ti bu èròjà náà lé kerekere lórí ní ìwọ̀n tó pọ̀ fíìfíì ju èyí tó lè dé inú omi oríkèé ẹṣin tó gbé e mì lọ. Ọ̀rọ̀ chondroitin sàn díẹ̀ nínú ìwádìí kan náà, àmọ́ wíwọ inú ẹ̀jẹ̀ kò tíì di wíwo ẹsẹ̀ sàn.

Ìdánwò tó yẹ kí ènìyàn gbára lé ni èyí tí wọ́n fún ẹṣin kan ní ìyẹ̀fun gidi, tí wọ́n fún òmíràn ní ìyẹ̀fun lásán tó jọ ọ́, tí ẹni tó ń wo ìrìn wọn kò sì mọ èyí tó jẹ èwo. Irú rẹ̀ kò pọ̀, èsì wọn kò sì ṣọ̀kan. Ní Netherlands, Higler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ẹṣin arúgbó 24 jọ, wọ́n fún àwọn kan ní àpòpọ̀ glucosamine, chondroitin àti MSM fún oṣù mẹ́ta, gbogbo wọn sì ń ṣe eré ìdárayá. Nígbà tí ẹ̀rọ wọn ìrìn wọn, èyí tó jẹ ìyẹ̀fun gidi kò fi ibì kankan sàn ju èyí tó jẹ ìyẹ̀fun lásán lọ. Ní New Zealand ẹ̀wẹ̀, ìwádìí kan tí Cayzer ṣáájú, tó jáde lọ́dún 2012, rí i pé ìyẹ̀fun ìṣáwùrú dín títiro kù lára àwọn ẹṣin tí oríkèé òkè pátákò ń dùn. Ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Colorado, wọ́n dán èròjà kan tí wọ́n yọ láti inú píà àti ẹ̀wà sóyà wò lára ẹṣin 16. Kò dín títiro kù, síbẹ̀ kerekere àwọn tó jẹ ẹ́ kò jẹ tó ti àwọn yòókù. Òróró tó ní omega-3, tó wà nínú ẹja, ti fi ìrètí díẹ̀ hàn pé ó ń dín wíwú inú oríkèé kù. Bí ènìyàn bá fẹ́ náwó dandan, ibi tí ẹ̀rí wà yìí ni kó ná an sí, kì í ṣe orí orúkọ tí gbogbo ayé mọ̀ jù.

Ìbéèrè mìíràn tún wà: ǹjẹ́ ohun tí wọ́n kọ sára ike ló wà nínú rẹ̀? Orúkọ kan tí òǹkàwé Yorùbá yóò dá mọ̀ wà nínú ìtàn yìí, nítorí Adebowale ni orúkọ ẹni tó ṣáájú nínú ìwádìí tó jáde láti Yunifásítì Maryland lọ́dún 2000, nínú èyí tí wọ́n ti yẹ àwọn ọjà glucosamine àti chondroitin tí wọ́n ń tà fún ènìyàn wò. Wọ́n rí i pé ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín ohun tí ike sọ àti ohun tó wà nínú rẹ̀. Àwọn kan kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní chondroitin kankan, àwọn mìíràn ní ju èyí tí wọ́n kọ lọ. Lọ́dún 2006, Oke àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjà ẹṣin 23: mẹ́sàn-án nínú wọn ni glucosamine inú rẹ̀ kò tó ohun tí wọ́n kọ, mẹ́rin nínú mẹ́sàn-án náà kò sì ní tó ìdá 30 nínú 100 rẹ̀. Ní Dubai àti Sharjah, ooru tún ń dá kún un. Òróró ẹja tó bá jókòó sínú kọ̀nténà tàbí ilé ìkẹ́rùsí tí kò ní ẹ̀rọ amúlétutù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn yóò tètè kan, ìyẹ̀fun tí wọ́n ṣí ìdérí rẹ̀ sílẹ̀ nínú ooru àti ọ̀rinrin etí òkun yóò dì. Olùtọ́jú ẹṣin tó bá kọ́kọ́ gbóòórùn ike kó tó bu ṣíbí kan mọ́ oúnjẹ mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Bí ẹ̀rí bá tín-ín-rín tó báyìí, kí ló dé tí àwọn ènìyàn fi ń búra pé ó ṣiṣẹ́? Ìgbà tí ẹsẹ̀ bá burú jù lọ ni wọ́n máa ń ra ìyẹ̀fun, aromọléegun sì jẹ́ àrùn tó máa ń ru, tó sì máa ń rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tó ra ike olówó gọbọi á tún rora máa gun ẹṣin rẹ̀, á pe alágbẹ̀dẹ wá wo bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀, á fún un nísinmi, ìyẹ̀fun ni yóò sì gba ọpẹ́ gbogbo rẹ̀. Ojú ẹni tó nífẹ̀ẹ́ ẹṣin kì í sì í ṣe ẹlẹ́rìí tó dára lórí ìrìn ẹṣin náà.

Fún ẹṣin tó ń díje, ewu ń bẹ nínú ọ̀rọ̀ yìí tí kò sí fún ẹṣin ìgbafẹ́. FEI ní ìwé tó to àwọn èròjà tí kò gbọdọ̀ wà lára ẹṣin lọ́jọ́ ìdíje, kì í sì í fọwọ́ sí àfikún oúnjẹ kankan pé kò léwu. Phenylbutazone, oògùn apàrora tí gbogbo ilé ẹṣin mọ̀, wà níbẹ̀. Harpagoside, èròjà tó ń ṣiṣẹ́ nínú gbòǹgbò Kalahari tí a sọ lókè, wà níbẹ̀ pẹ̀lú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ike rẹ̀ lè máa fi ewé àti òdòdó polówó ara rẹ̀ bí ohun àdáyébá. Capsaicin, ohun tó ń mú kí ata ta, náà wà níbẹ̀, ní ìdíje Òlíḿpíìkì ọdún 2008 tí apá ti ẹṣin rẹ̀ wáyé ní Hong Kong, wọ́n rí i lára ẹṣin mẹ́rin, Norway sì pàdánù àmì-ẹ̀yẹ idẹ nítorí rẹ̀. Òfin kì í béèrè bóyá agẹṣin mọ̀ọ́mọ̀. Bí èròjà náà bá ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ tàbí ìtọ̀, ó ti jẹ̀bi. Nítorí náà ni àwọn tó gbọ́n fi ń pa nọ́ńbà tó wà lára ike kọ̀ọ̀kan mọ́, tí wọ́n sì ń tọ́jú ìyẹ̀fun díẹ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan pamọ́ títí àsìkò ìdíje yóò fi kọjá.

Abẹ́rẹ́ oríkèé jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn, kò sì yẹ kí wọ́n pò ó mọ́ ti ìyẹ̀fun. Oògùn kan tí wọ́n fi chondroitin ṣe, tí wọ́n ń gún sínú ẹran ara ní ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin títí yóò fi pé ìgbà méje, ti la ìdánwò òfin kọjá. Hyaluronic acid tí wọ́n ń gún sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ tàbí sínú oríkèé gan-an náà jẹ́ oògùn. Corticosteroid tí wọ́n ń gún sínú oríkèé máa ń pa wíwú àti ìrora kíákíá, bẹ́ẹ̀ ni ewu rẹ̀ wà níbẹ̀: ẹṣin tí kò mọ ìrora mọ́ lè sáré lórí eegun tó ti sán títí yóò fi kán. Dókítà nìkan ló láṣẹ lórí ìwọ̀nyí.

Ohun tó ń tú ẹsẹ̀ gígan sílẹ̀ nítòótọ́ kò ní ike, kò sì ní ìpolówó. Ìrìn ni àkọ́kọ́. Ní Dubai àti Sharjah, ọ̀pọ̀ ilé ẹṣin ló ní ẹ̀rọ ìrìn, ìyẹn ọgbà róbótó tí ẹ̀rọ ń yí, tí ẹṣin mẹ́rin tàbí mẹ́fà lè máa rìn nínú rẹ̀ lábẹ́ òrùlé. Bí wọ́n bá fi ẹṣin sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti fún kerekere rẹ̀ lóúnjẹ ju ohun tí ṣíbí lè bù lọ. Àwọn ńláńlá tún ní odò àtọwọ́dá tí ẹṣin ń wẹ̀ nínú rẹ̀, níbi tí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ti ń ṣiṣẹ́ láìjẹ́ pé ìwúwo ara ń lu oríkèé. Kí ẹṣin tó sáré, ó yẹ kó kọ́kọ́ rin ìrìn jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán. Alágbẹ̀dẹ gbọ́dọ̀ gé pátákò rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, nítorí pátákò tí iwájú rẹ̀ gùn jù ń fa oríkèé lọ sí ibi tí kò yẹ. Ẹṣin tó sanra ju bó ṣe yẹ lọ ń fi ìwúwo tí kò nílò lu oríkèé ní gbogbo ìgbésẹ̀. Ẹni tó fi gbogbo èyí sílẹ̀ tó ń wá ìyẹ̀fun tuntun ló fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ tó ń pa làpálàpá.

Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn ará ilé pẹ̀lú. Àwọn ẹṣin tí ìdílé àwọn Balógun ń gùn wọ Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní ọjọ́ kẹta Iléyá, àti àwọn ẹṣin pólò ti Lagos Polo Club, ẹgbẹ́ tó ti wà láti ọdún 1904, ní irú oríkèé kan náà, Dubai sì ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò Yorùbá ti ń ra ọjà. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ike kan bọ̀ láti ibẹ̀ gbọ́dọ̀ wo ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, kó sì wo iye gíráàmù èròjà kọ̀ọ̀kan tó wà nínú ṣíbí kan; ike tó kàn kọ orúkọ èròjà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láìsọ iye ọ̀kọ̀ọ̀kan kò yẹ lẹ́ni tó ń náwó sí.

Bí ẹṣin kan bá wà tí ìyẹ̀fun yìí lè bá mu, kì í ṣe èyí tó ń lọ Meydan. Ẹṣin tó ti fẹ̀yìn tì ni, tó ti kọjá ọdún 15, tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní gígun ẹṣin nílé ẹ̀kọ́ kan ní Dubai tàbí Sharjah, tí dókítà ti yẹ̀ wò tó sì sọ pé aromọléegun ló wà ní oríkèé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò gba ìtọ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò, kò sì sí eré tó lè mú kó fi ìrora pamọ́. Fún irú rẹ̀, ọjà kan ṣoṣo ni kí wọ́n dán wò lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n má pa bí wọ́n ṣe ń gùn ún, bàtà rẹ̀ tàbí oúnjẹ rẹ̀ dà láàárín àkókò náà, kí wọ́n fi fóònù ya fídíò ìrìn rẹ̀ lórí ilẹ̀ kan náà, ní àkókò kan náà, ṣáájú kí ó tó bẹ̀rẹ̀ àti ní òpin ọ̀sẹ̀ kẹjọ sí ìkejìlá, kí wọ́n sì fi àwọn fídíò náà han dókítà láìsọ èyí tó ṣáájú fún un. Bí dókítà kò bá lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀, kí wọ́n má ra ike kejì, kí wọ́n sì fi owó rẹ̀ pe alágbẹ̀dẹ tó mọṣẹ́ dáadáa.